Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín kẹ́ ẹ tó dárúkọ oògùn: bá a ṣe ń lo oògùn inú tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ta oògùn ní Tanke, ní Ìlọrin níbí. Kẹ́míìsì kékeré ni, ti oní-pátẹ́ǹtì, kì í ṣe fámásì, màá ṣàlàyé ìyàtọ̀ ẹ̀ tó bá yá. Tẹ́ ẹ bá yọ ibà kúrò, kò sóhun tó ń gbé èèyàn wá sọ́dọ̀ wa tó inú. Inú ń run wọ́n, àyà ń ta wọ́n, ikùn wú bí ìlù, oúnjẹ àná ṣì jókòó sínú ò dà, ìgbẹ́ ń ya bí omi tàbí kẹ̀ kó má yà rárá. Ohun tó sì máa ń dùn mí ni pé èèyàn mẹ́wàá á wọlé, agbára káká ni màá fi rí ẹnì kan tó máa sọ ohun tó ń ṣe é. Orúkọ oògùn ni wọ́n máa ń mú bọ̀ látilé. "Nọ́ọ̀sì, ẹ fún mi ní Flagyl káàdì kan." "Àǹtí, Gestid dà?" Wọ́n á sanwó, wọ́n á gba ṣéńjì, ó tán.

Èmi náà máa ń gbé e fún wọn bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Àbúrò bàbá mi kan wà ní Òmù-Àrán, àgbẹ̀ ni wọ́n, orókún ń dùn wọ́n, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá Ìlọrin wọ́n máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mi wá gba oògùn funfun fún àyà tó ń ta wọ́n, màá gbé e fún wọn tayọ̀tayọ̀, mi ò sì ní gbowó. Mi ò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé bọ̀dá, kí lẹ tún ń lò? Wọ́n ń lo oògùn ara ríro lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún oṣù méje, ibòmíì ni wọ́n ti ń rà á. Oògùn orókún yẹn ló ń jẹ inú wọn, oògùn tèmi wá ń pa á lára díẹ̀ kí wọ́n má mọ bó ṣe le tó. Lọ́jọ́ tó tú, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà títì ni wọ́n yà, wọ́n ní káwọn dìde, òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ páìǹtì mẹ́ta ni wọ́n fà sí wọn lára. Ọlọ́run ṣàánú wa, wọ́n wà láyé dòní. Àtọjọ́ náà ni mi ò ti gbé oògùn inú fẹ́nikẹ́ni mọ́ láìbéèrè ọ̀rọ̀, ẹni tó ń kánjú á máa bínú sí mi, kò burú.

Àwọn ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ tò síbí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, kẹ́ ẹ lè máa bi ara yín kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

Ìkíní: ibo ló ń dùn, ìgbà wo ló ń dùn?

"Inú" lédè wa gbòòrò jù. Láti abẹ́ ọmú dé abẹ́ ìdodo, inú la máa ń pe gbogbo ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀, ikùn wà ńbẹ̀, ẹ̀dọ̀ wà ńbẹ̀, ìfun, kíndìnrín, ilé ọmọ. Torí náà ẹ fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn egungun àyà ló ń jó, tí omi kíkan ń gòkè wá sọ́fun yín pàápàá tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ásíìdì inú ikùn ló ń padà sókè. Ẹnu ọ̀nà kan wà níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ ikùn, ó yẹ kó máa pa dé tóúnjẹ bá ti wọlé, àmọ́ tó bá dẹ̀, omi ikùn á máa bá ibẹ̀ jáde, ọ̀nà ọ̀fun ò sì lágbára láti gba ásíìdì mọ́ra bí ikùn ṣe lágbára ẹ̀. Tó bá jẹ́ àárín gan-an, lókè ìdodo lábẹ́ egungun àyà, tó ń ta bí ebi bá pa yín, tàbí tó ń jí yín lójú oorun lóru, ẹ jẹ́ ká máa fọkàn sí ọgbẹ́ inú, ohun tí gbogbo wa ń pè ní ulcer. Tẹ́ ẹ bá jẹun díẹ̀ tó ti kún, tẹ́ ẹ ń gùfẹ̀, tẹ́ ẹ ń só, tínú le, oúnjẹ tí kò dà àti gáàsì nìyẹn. Tó bá ń lọ́, tó ń dì tó ń tú, tó wá ń lé yín lọ sílé ìyàgbẹ́, ìfun ni, oògùn ásíìdì ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ọ̀kan wà tí mi ò ní tà ohunkóhun fún: èyí tó bẹ̀rẹ̀ nítòsí ìdodo tó wá rọra sún lọ sísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, tó ń le sí i ní wákàtí sí wákàtí, téèyàn ò lè nàró dáadáa, tí èébì àti ara gbígbóná tún wà pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ má mu oògùn tó ń ṣínú, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fa omi sí yín nídìí, ẹ wọ ọkọ̀ ẹ lọ sọ́sibítù. Appendix, ẹ̀ka ìfun kékeré kan, lè ti wú níbẹ̀, tó bá bẹ́ sínú, iṣẹ́ abẹ ńlá ló máa gbà.

Ẹ tún ro ohun tẹ́ ẹ jẹ àti àkókò tẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Èèyàn tó ti òde ìyàwó bọ̀ ní agogo mẹ́wàá alẹ́, tó tún bu àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì ọlọ́ràá, ata rodo ń ta sánsán, tó wá wọlé sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ara ẹ̀ ò ṣàìsàn, ó kàn ń bínú ni. Kó fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ láàárín oúnjẹ alẹ́ àti oorun, kó fi nǹkan gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè lápá orí, irọ̀rí méjì ò tó torí ọrùn nìkan ló ń tẹ̀, àwọn míì ò sì ní nílò oògùn mọ́ rárá.

Ìkejì: kí lẹ tún ń gbé mì?

Ibí ni mo ti kùnà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi, torí náà ẹ jẹ́ n dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ara wa ń ṣe omi yíyọ̀ kan tó ń bo ògiri ikùn kí ásíìdì má bàa jẹ ẹ́. Ibuprofen, diclofenac, piroxicam, aspirin, gbogbo àwọn oògùn ara ríro wọ̀nyí, bí wọ́n ṣe ń pa ìrora ni wọ́n ń dín omi yíyọ̀ náà kù. Ọjọ́ kan ọjọ́ méjì, inú ẹlòmíì á fara dà á. Àmọ́ àwọn ìyá tó ń ru ẹrù ní Ìpàtà, àwọn bíríkìlà, àwọn ọlọ́kadà tí ẹ̀yìn ń dùn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, àwọn míì máa ń lò ó lórí ebi. Àlàbùkún náà wà nínú ẹ̀ o. Oògùn wa ni, ọmọ Yorùbá ló ṣe é, Jacob Odùláte, ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1918, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún orí fífọ́, àmọ́ aspirin àti caffeine ló wà nínú ẹ̀, nítorí náà ẹni tó ní ọgbẹ́ inú ò gbọdọ̀ máa dà á sẹ́nu. Mo ti rí ẹni tínú ń run tó ní òun fẹ́ fi Àlàbùkún pa á, mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé e sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní ọgbẹ́ inú tí orí ń fọ́ yín tàbí ara ń ro yín, paracetamol ni kẹ́ ẹ lò, hóró méjì 500mg lẹ́ẹ̀kan, kó má kọjá hóró mẹ́jọ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ẹni tí dókítà fún ní aspirin kékeré nítorí ọkàn, ẹ má fúnra yín dá a dúró, ẹ padà lọ sọ fún dókítà pé inú ń ta yín.

Àgbo náà oògùn ni. Ẹ sọ ọ́. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ, tẹ́ ẹ ń mu ní kọ́ọ̀bù kékeré láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun, ọtí yẹn nìkan tó láti mú inú bó. Kaun ńkọ́? Àwọn àgbà máa ń pò ó mómi tínú bá ń run, ó sì máa ń rọ̀ wọ́n lójú torí ó ń pa ásíìdì lóòótọ́. Wàhálà ẹ̀ ni pé kò ní ìwọ̀n, tó bá pọ̀ jù ó máa ń jó ọ̀nà ọ̀fun, iyọ̀ inú ẹ̀ ò sì dáa fẹ́ni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru. Mílíìkì náà, tí gbogbo èèyàn gbà pé ó ń wo ulcer, á tu inú lára fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà á tún mú kí ikùn tú ásíìdì míì jáde. Mi ò ní kẹ́ ẹ má mu wàrà yín o, ẹ kàn má pè é ní oògùn.

Ìkẹta: ẹ mọ ohun tí ìgò kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Àwọn oògùn ásíìdì tó wà lórí kàǹtà wa jọra wọn lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Oògùn funfun, tàbí hóró tẹ́ ẹ máa ń jẹ lẹ́nu, magnesium àti aluminium ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Ńṣe ló máa ń lọ pa ásíìdì tó ti wà nílẹ̀, bí èèyàn ṣe ń da omi sórí iná, kò dá ikùn dúró pé kó má ṣe òmíì. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń yá, tí kì í sì í pẹ́. Magnesium máa ń mú ìgbẹ́ rọ̀, aluminium máa ń mú un le, ìdí tí wọ́n fi ń pò wọ́n pọ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń lo ọ̀kan tó ń ṣí yín nínú jù, ẹ sọ fún wa ká pààrọ̀ ẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa, ẹ má mu èyíkéyìí nínú wọn láìjẹ́ pé dókítà mọ̀, torí kíndìnrín ló yẹ kó kó wọn jáde, tí ò bá lè kó wọn wọ́n á máa pọ̀ sí i lára.

Mist Mag, oògùn funfun àtijọ́ tó máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò bí ẹfun, sodium bicarbonate wà nínú tiẹ̀, iyọ̀ nìyẹn. Oní-ìfúnpá gíga, ẹ yan òmíì. Andrews náà báyìí: sodium bicarbonate, citric acid, magnesium sulphate àti ṣúgà ló ń hó nínú kọ́ọ̀bù yẹn. Ó dáa fún inú tó kún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣínú díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe omi mímu ojoojúmọ́, oní-ìtọ̀ ṣúgà àti oní-ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ rọra ṣe.

Irú Gaviscon, alginate ló wà nínú ẹ̀, ó máa ń léfòó sórí oúnjẹ inú ikùn bí ìfóòfó kó má jẹ́ kí ásíìdì gòkè, torí náà ẹni tí omi kíkan ń gòkè wá sọ́fun ló bá mu, lẹ́yìn oúnjẹ àti nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn. Tẹ́ ẹ bá mu omi púpọ̀ lé e, ẹ ti fọ̀ ọ́ dànù. Simethicone tẹ́ ẹ máa ń rí lára páálí, ti gáàsì ni, ńṣe ló ń mú kí àwọn ìfóòfó kéékèèké inú ikùn para pọ̀ kí wọ́n lè bá gùfẹ̀ jáde.

Omeprazole ò sí lára ẹgbẹ́ yìí rárá. Òun ló ń lọ ti ẹ̀rọ tó ń ṣe ásíìdì fúnra ẹ̀. Ohun táwọn èèyàn fi ń sọ pé "kò ṣiṣẹ́ fún mi" ni pé wọ́n máa ń lò ó bí oògùn funfun, àyà á ta wọ́n, wọ́n á gbé ọ̀kan mì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọ́n ti ń retí. Ó máa ń tó ọjọ́ kan sí mẹ́rin kó tó mú dáadáa. Kápúsù 20mg kan láàárọ̀, ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ gbé e mì lódidi, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu ẹ má lọ̀ ọ́, torí wọ́n fi nǹkan bò ó kí ásíìdì má bàa bà á jẹ́ kó tó dé ìfun. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló yẹ kẹ́ni tó rà á fúnra ẹ̀ lò ó. Tó bá tún padà lẹ́yìn ẹ̀ láìpẹ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ má ra páálí míì.

Ìkẹrin: bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó

Ẹ mi ìgò yẹn dáadáa. Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, àmọ́ bẹ́ ẹ bá wo ìgò ẹni tó ní oògùn ò ṣiṣẹ́, ẹ máa rí i pé omi òkè ló ti mu tán, oògùn ti le sísàlẹ̀. Ike kékeré tó wà lórí ìdérí tàbí ṣíbí 5ml inú páálí ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má gbé ìgò sẹ́nu. Ti àgbàlagbà sábà máa ń jẹ́ 10ml, ẹ ka ara ìgò torí wọn kì í ṣe ìkan náà. Hóró tí wọ́n ní kẹ́ ẹ jẹ lẹ́nu, ẹ rún un kó kúná, tẹ́ ẹ bá gbé e mì lódidi kò ní tú ká.

Àkókò ló ṣe pàtàkì jù. Tẹ́ ẹ bá mu ún lórí ebi, ikùn á tì í dànù, kò ní lò tó wákàtí kan nínú yín. Wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ ni kẹ́ ẹ mu ún, oúnjẹ á dá a dúró níbẹ̀, á lè ṣiṣẹ́ dé wákàtí mẹ́ta. Ẹ tún mu ọ̀kan nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn tó bá jẹ́ òru ló ń yọ yín lẹ́nu.

Èyí tó wà báyìí, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Oògùn funfun máa ń di àwọn oògùn míì lọ́wọ́ nínú ikùn. Ciprofloxacin, doxycycline, tetracycline, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron: magnesium àti aluminium inú oògùn funfun á so mọ́ wọn, wọn ò ní lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, èèyàn á lo oògùn tán àìsàn á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi wákàtí méjì ó kéré tán sáàárín wọn. Bisacodyl náà, oògùn ìgbẹ́ líle tí wọ́n ń gbé mì lálẹ́, ẹ má mu oògùn funfun tàbí mílíìkì nítòsí ẹ̀, torí awọ tí wọ́n fi bò ó á tètè bó sínú ikùn, inú á máa lọ́ yín.

Tẹ́ ẹ bá ti lo oògùn ásíìdì tó ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ ṣì ń wá a, oògùn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdáhùn mọ́.

Flagyl, ẹ jọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn. Flagyl, metronidazole, agbóguntàrùn (antibiotic) ni. Kòkòrò amoeba àti àwọn bakitéríà kan ló ń pa. Kò mọ nǹkan kan nípa ásíìdì, kò mọ nǹkan kan nípa oúnjẹ tí kò dà, bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ló jẹ́ pé á lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, Flagyl á wá gba ìyìn tí kì í ṣe tiẹ̀. Hóró méjì lónìí, hóró méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ńṣe lẹ ń kọ́ kòkòrò bí wọ́n ṣe máa sá fún oògùn. Ó tún máa ń mú inú ru fúnra ẹ̀, ẹnu á máa ṣe bí irin. Oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ ni, òfin ò gba àwa oní-pátẹ́ǹtì láyè láti ta agbóguntàrùn. Ìyàtọ̀ tí mo ní màá sọ nìyẹn: àwọn oògùn tí kò nílò ìwé dókítà, nínú páálí wọn, ni ìwé àṣẹ tiwa wà fún, àjọ Pharmacy Council ló ń fún wa, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Fámásì tó ní fámásíìsì ló lè gba ìwé dókítà lọ́wọ́ yín.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, pé wọ́n ń fi agbóguntàrùn wo ulcer. Òótọ́ ni. Dókítà méjì ará Australia, Barry Marshall àti Robin Warren, ló ṣàwárí kòkòrò kan tó ń gbé inú ikùn ní ọdún 1982, Helicobacter pylori lorúkọ ẹ̀. Àwọn èèyàn ò kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́, Marshall wá gbé kòkòrò náà mu fúnra ẹ̀ lọ́dún 1984, inú ẹ̀ sì wú, ó gba oògùn, ó san. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005. Àmọ́ wọn kì í fi hóró méjì pa kòkòrò yìí. Agbóguntàrùn méjì pa pọ̀ ni ó kéré tán, pẹ̀lú omeprazole, fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ìgbẹ́ tàbí ti èémí bá ti fi hàn pé ó wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn lábù pé ìgbà wo lẹ lo oògùn gbẹ̀yìn o, torí tẹ́ ẹ bá lo omeprazole láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tàbí agbóguntàrùn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àyẹ̀wò lè sọ pé kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà, ó kàn ti sá pamọ́ ni.

Tí ìgbẹ́ bá ń ya

Omi lẹ kọ́kọ́ máa wá, kì í ṣe oògùn tó ń dì. ORS ni, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́mi, ẹ ka ara sásẹ́ẹ̀tì mọ̀ bóyá omi lítà kan ni tàbí ìdajì. Tí kò bá sí nílé, ẹ já pure water 50cl méjì sínú jọ́ọ̀gì tó mọ́, lítà kan nìyẹn, ẹ bu ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tó gún régé sí i, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Kí iyọ̀ má kọjá bẹ́ẹ̀, torí tó bá pọ̀ jù ó lè pa ọmọdé lára. Ẹ rò ó, kó tán láàárín ọjọ́ kan, tó bá ṣẹ́ kù ẹ dà á nù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ fún un ní 50 sí 100ml lẹ́yìn gbogbo ìgbẹ́ tó bá yà, ẹ máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀, tó bá bì ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fún un lọ́mú lọ. Zinc tẹ̀ lé e, 20mg lójúmọ́, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà 10mg, fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, kódà tí ìgbẹ́ bá ti dá lọ́jọ́ kẹta ẹ lò ó tán.

Loperamide, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, ti àgbàlagbà ni. Kápúsù méjì lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀kan lẹ́yìn ìgbẹ́ omi kọ̀ọ̀kan, kó má ju mẹ́rin lọ lójúmọ́, ọjọ́ méjì ó tán. Mi ò ní tà á fún ìyá tó fẹ́ fún ọmọ ẹ̀, ó lè dá ìfun ọmọ dúró pátápátá. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ tàbí ara ń gbóná, ẹ má fi dì í. Tí ìgbẹ́ bá wá ń dà bí omi ìrẹsì tí kò dá, ẹ má dúró tì mí, ẹ máa mu ORS lọ sọ́sibítù lójú ọ̀nà, onígbáméjì lè pa èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀.

Ti ìgbẹ́ líle, mi ò ní sọ púpọ̀. Omi, ewédú, ìbẹ́pẹ, ká máa rìn, lẹ́yìn náà bisacodyl fún alẹ́ kan tàbí méjì. Ẹni tó bá ti ń lò ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ìfun ẹ̀ á máa retí ẹ̀.

Ààwẹ̀, oyún

Tó bá di Ramadan, oògùn ásíìdì tí mò ń tà máa ń tó ìlọ́po méjì. Ohun tó fà á ò jìnnà. Ká fi gbogbo ọjọ́ gba ààwẹ̀, ká wá fi àkàrà gbígbóná, ọbẹ̀ ata àti mínírà tútù ṣínu lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ jẹ sààrì tán ẹ tún padà sùn. Ẹ fi dàbínù àti omi ṣínu, ẹ kírun, kẹ́ ẹ tó wá jẹun díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń lo omeprazole, ìdajì wákàtí kó tó jẹ sààrì ni kó lò ó tàbí kó tó jẹ oúnjẹ ìṣínu gan-an, kó má yí i padà lójoojúmọ́. Oògùn funfun, wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹni tí ọgbẹ́ inú ẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́sibítù, ẹ̀sìn wa ti fún un láyè, ó wà nínú Suratul Baqarah, ẹsẹ 184, pé aláìsàn á san án padà lọ́jọ́ míì, ẹ bi áfáà yín pẹ̀lú dókítà yín.

Ẹ̀yin aláboyún, àyà títa yín kì í ṣe irọ́, oyún ń tẹ ikùn sókè, ẹnu ọ̀nà ikùn tí mo sọ lókè sì ń dẹ̀. Irú oògùn alginate ló sábà máa ń rọrùn fún yín, ẹ má lo kaun, ẹ má lo Andrews lójoojúmọ́, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ àyẹ̀wò oyún kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Tí oyún bá ti kọjá oṣù márùn-ún, tí òkè ikùn lọ́wọ́ ọ̀tún ń dùn, tí orí ń fọ́ yín tí ojú ń ṣú, tí ojú àti ọwọ́ wú, ẹ má pè é ní ulcer. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè fà á. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní kàǹtà

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ wo bóyá ìdérí ti ṣí rí. Ẹ gba páálí ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Tí wọ́n bá ń ta hóró lẹ́yọ-lẹ́yọ látinú ike láìsí káàdì, ẹ má rà á. Ẹ̀ẹ̀rùn Ìlọrin, láàárín March sí April, ilé onípáànù máa ń gbóná kọjá 30°C tí wọ́n kọ sára oògùn, torí náà ẹni tó ń pàtẹ oògùn sínú oòrùn lọ́jà, bó ti wù kó dínwó tó, ẹ kọjá lára ẹ̀.

Nígbà tó yẹ kẹ́ ẹ fi wá sílẹ̀

Èébì tó ní ẹ̀jẹ̀ tàbí tó dà bí gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Ìgbẹ́ dúdú tó ń yọ̀ bí ọ̀dà tó sì ń rùn kọjá bó ṣe yẹ (oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron, àti bismuth tó wà nínú àwọn oògùn inú kan, náà máa ń mú ìgbẹ́ dúdú, ìdí tí mo fi ń béèrè ohun tẹ́ ẹ ń lò nìyẹn). Oúnjẹ tó ń há lọ́fun. Ara tó ń fà láìjẹ́ pé ẹ ń gbààwẹ̀. Ojú tó ń pọ́n bí ìyeyè. Ẹni tó ti lé ní 55 tí inú ò ta rí láyé ẹ̀ tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta. Ìrora tó dé lójijì tí gbogbo ikùn le bí pátákó.

Àti àyà: bó bá ń fún bí ìgbà tí wọ́n gbé ọlọ lé e, tó ń lọ sápá òsì tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bo yín, tí èémí ò tó, pàápàá oní-ẹ̀jẹ̀ ríru àti oní-ìtọ̀ ṣúgà, ọkàn lè jẹ́. Ẹ má mu oògùn ásíìdì kẹ́ ẹ máa wò ó bóyá á lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sí General Hospital tàbí UITH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ẹ má wa ọkọ̀ fúnra yín.

Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú láílọ́ọ̀nù kan, àtàgbo àti hóró, àtèyí tẹ́ ẹ ti lò tán tí páálí ẹ̀ kù, kẹ́ ẹ gbé e lé dókítà lọ́wọ́. Àbúrò bàbá mi ní láílọ́ọ̀nù dúdú kan báyìí, tí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀bù mi láti Òmù-Àrán, wọ́n á kọ́kọ́ tú u sórí kàǹtà kí wọ́n tó jókòó, wọ́n á ní, "Ìyáàfin, ó yá, kà á."